Ìwé Tí Sìmbíátù Kò Gbọdọ̀ Dárúkọ

Ká kọ́kọ́ sọ ọ́ kó yéra: Gàníyù onítípà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kì í mutí, kì í na ìyàwó, kì í jẹ́ kí ebi pa ará ilé rẹ̀. Ìbínú rẹ̀ nìkan ló pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ẹnu rẹ̀ sì máa ń ṣáájú làákàyè rẹ̀ débi gbogbo.

Ìrọ̀lẹ́ Àlàmísì kan nínú oṣù Disẹ́ńbà, láìpẹ́ sígbà tí ọ̀nà ọ̀dà tuntun gba Ajah kọjá, ni ẹnu náà ṣáájú débi tí kò yẹ kó dé. Gàníyù dúró láàárín yàrá, iyanrìn ṣì wà lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń mi ìwé kan sójú Sìmbíátù ìyàwó rẹ̀.

"Ta ló fún ẹ?"

"Kì í ṣe ọkùnrin, Bàbá Sìdíkàt."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ẹni tí kì í ṣe. Mo ní, ta ni?"

Sìmbíátù mọ ẹni tó ni ìwé. Ẹni náà wà ní yàrá kejì, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló là wọ́n láàárín, Sìmbíátù sì ti ṣèlérí fún un pé òun ò ní tú àṣírí rẹ̀.

"O ò ní sọ? Ó dáa. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí Tíṣà yín bá ní kí kálukú wá sọ ìwé tó gbádùn jù lọ́dún yìí, tó o bá fi ẹnu ẹ dárúkọ ìwé yìí níwájú àwọn èèyàn, wàláhì, lójú ẹsẹ̀ lo ti kúrò ní ìyàwó mi. Mo ti búra!"

Ní yàrá kejì, ẹnì kan húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́.

Ní Ajah, a kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Alfa Kàsímù máa ń wàásù pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ tí ọkọ bá so mọ́ nǹkan, bí nǹkan náà bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti délẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi ìbínú ṣe àwáwí. Ẹ̀rí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Sùlè apẹja ti búra rí pé bí ìyàwó òun bá tún lọ kí àbúrò rẹ̀ ní Lángbàsà láìsọ fún òun, ó parí. Obìnrin náà gbàgbé, ó lọ. Títí di bí a ti ń wí yìí, Sùlè àti obìnrin náà fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń kí ara wọn, Sùlè nìkan ló sì ń tẹ ẹ̀bà ara rẹ̀.

Obìnrin tó bá kúrò nílé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ òfo ló fi ń lọ. Ti bàbá lọmọ. Sìmbíátù gbọ́ ohùn Sìdíkàt àti Sàídátù, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, níta níbi tí wọ́n ti ń ṣeré.

Awoyaya ni wọ́n bí Sìmbíátù sí. Bàbá rẹ̀ ní ọmọbìnrin tó bá lọ sílé ìwé, ìwé ni yóò máa kà nílé ọkọ nígbà tí ọbẹ̀ bá ń jóná. Nítorí náà, kò lọ. Nígbà tó wọ ilé ọkọ ní Ajah, iṣẹ́ ẹja yíyan ni ìyá ọkọ rẹ̀ fi lé e lọ́wọ́, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe: ó mọ èèpo àgbọn tó yẹ kó gbẹ, ó mọ èyí tó yẹ kó tutù díẹ̀ kí èéfín lè pọ̀, ó mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn yí ṣawá padà kó má baà já. Ó ti bímọ méjì kí ìjọba tó rán Tíṣà Odùbánjọ wá láti máa kọ́ àwọn àgbà ní ìwé Yorùbá lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà níwájú ilé ẹ̀kọ́. Gàníyù fúnra rẹ̀ ló ní kó máa lọ. Ó ní òun fẹ́ kí ìyàwó òun lè ka ibi tí mọ́tò ń lọ kó tó wọ̀ ọ́. Ẹ ò rí i? Ènìyàn dáadáa ni.

Ẹni tí kò fara mọ́ ẹ̀kọ́ náà ni ìyá Gàníyù. Òun ni Ìyá Àdínì mọ́sálásí wọn, olórí àwọn obìnrin níbẹ̀, bó bá sì sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ náà á ti di òwe kílẹ̀ tó ṣú. Lọ́jọ́ tí Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá, apẹja tí eyín ẹnu rẹ̀ ti ń lọ níkọ̀ọ̀kan, gba síléètì lọ́wọ́ Tíṣà, Ìyá Àdínì wò ó láti òkè délẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn, ó ní, "Àgbà tó bá ń kọ́ A-B-D, ikú ló fẹ́ kọ lẹ́tà sí." Ajah rẹ́rìn-ín títí. Látọjọ́ náà, bí Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá bá ti gbé síléètì kọjá, wọn á máa bi í bóyá ikú ti fèsì. Bàbá kì í dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún.

Ẹ wá wo nǹkan. Nígbà tí òjò ọdún náà ń parí lọ, Ìyá Àdínì yìí kan náà gbé ẹja lọ tà ní Èkó bí ìṣe rẹ̀, ó sì gbé ìwé kan bọ̀ nísàlẹ̀ agbọ̀n. Ó ní àwòrán iwájú rẹ̀ ló wu òun, obìnrin kan tó dúró ti ilé, tó fọwọ́ kan ògiri rẹ̀ bí ẹni ń kí i. Ó mú un wọ ilé ẹja yíyan, níbi tí ọkùnrin kì í dé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

"Kà á fún mi," ló sọ fún Sìmbíátù. "Àmọ́ tó o bá sọ fún ẹnikẹ́ni, èmi pẹ̀lú ẹ la ó jọ wọnú iná yìí."

Ilé Tí Abẹ̀bí Kọ́ ni orúkọ ìwé náà. Opó ni Abẹ̀bí inú ìwé yìí. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ lé e síta pẹ̀lú ọmọ, ó sì ń fi orí ru iyanrìn àti omi títí ó fi kọ́ yàrá kan ṣoṣo fún ara rẹ̀ létí odò. Sìmbíátù bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọ̀rọ̀ kan, á dúró, ọ̀rọ̀ kejì, á tún dúró. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Abẹ̀bí ti kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ìyá náà bú sẹ́kún. Ó ní nígbà tí bàbá Gàníyù kú, wọ́n kó ẹrù òun síta. Abẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sétí ọ̀sà ni òun àti Gàníyù sùn sí, Gàníyù kéré nígbà náà, kò lè rántí. Òun ò sì sọ ọ́ fẹ́nikẹ́ni rí.

"Ta ló wá lọ sọ fún ẹni tó kọ ìwé yìí?" ló ń bi Sìmbíátù, bó ti ń nu ojú.

Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ fi ojú ara òun ka ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà yẹn. Sìmbíátù mú èédú, ó ń kọ lẹ́tà sára pákó ilẹ̀kùn, wọ́n á kà á, wọ́n á nù ún. Kó tó di Disẹ́ńbà, Ìyá Àdínì ti ń fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀, ó ń kà á jẹ́jẹ́, òógùn á máa bọ̀ lójú rẹ̀. Wọ́n ka ìwé náà tán, wọ́n tún un kà. Òun sì ni ìwé àkọ́kọ́ tí Sìmbíátù kà dé òpin láyé rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó lọ sọ fún Tíṣà pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sọ ìwé tó dùn jù, òun ní ọ̀kan tí Tíṣà fúnra rẹ̀ ò tíì rí.

Láàárọ̀ Àlàmísì náà, Tájù tó jẹ́ awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ Gàníyù fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó iyanrìn. Ó ní, "Tíṣà yẹn ò níyàwó, tìẹ ló ń kọ́. Kí ló ń kọ́ ọ gan-an ná?" Ọ̀rọ̀ àwàdà ni, ṣùgbọ́n ó wọ Gàníyù lára. Nígbà tó délé, ó fẹ́ mú agbọ̀n kan kó irinṣẹ́ sí, ọwọ́ rẹ̀ sì ba ìwé tí wọ́n fi ọ̀rá wé nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìwé díẹ̀ tí Gàníyù kà kó tó sá nílé ìwé tó o láti ka ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Ilé tí obìnrin kọ́! Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti hàn kedere: ẹnì kan ló ń kọ́ ìyàwó òun bí wọ́n ṣe ń fi ilé ọkọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn obìnrin méjèèjì jókòó ti iná nínú ilé ẹja, wọn ò wo ojú ara wọn.

"Ìyá, ẹ gbọ́ lánàá," ni Sìmbíátù wí.

"Mo gbọ́."

"Ẹ kàn húkọ́, ẹ dákẹ́."

Ìyá Àdínì yí ẹja kan tí kò tíì tó yí. "Sọ ìwé mìíràn. Ṣebí Tíṣà fún yín ní èyí tó wà fún adìyẹ sísìn? Sọ ti adìyẹ."

"Ẹ sọ fún Bàbá Sìdíkàt pé ẹ̀yin lẹ ra ìwé."

"Gàníyù? Gàníyù tí ọ̀rọ̀ ò lè gbénú ẹ̀? Bí mo bá sọ fún un láàárọ̀, Tájù á gbọ́ lọ́sàn-án. Tí Tájù bá sì ti gbọ́, ó ti dé Awoyaya nìyẹn. Kí ni wọ́n á wá máa pè mí? Ìyá Àdínì tó ń kọ lẹ́tà síkú! Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá á fi mí ṣe ẹlẹ́yà títí tí mo máa fi kú."

"Èmi ńkọ́, Ìyá? Nínú yàrá mi, wọ́n fojú alágbèrè wò mí."

Ìyá Àdínì tún yí ẹja mìíràn. Inú bí Sìmbíátù débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán mú irin tó gbóná lórí iná. Ọwọ́ rẹ̀ bó, kò ké. Obìnrin tí òun jókòó tì nínú èéfín, tí òun fi èédú kọ́ ní lẹ́tà, ló fẹ́ kí òun fi ilé àti ọmọ sílẹ̀ nítorí ojú ayé. Ó kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì kórìíra ara rẹ̀ pé òun ṣèlérí.

Gàníyù ní tirẹ̀ ò jẹ oúnjẹ ilé mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi di Sátidé, ìbínú rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ẹ̀rù ló kù. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ṣáà má dárúkọ ẹ̀." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò bẹ̀bẹ̀. Ìbúra ti jáde lẹ́nu, kò sí bó ṣe lè gbé e mì.

Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, abẹ́ igi fúrúùtù kún. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ jókòó síwájú, àwọn tó wá wòran dúró yí wọn ká. Alfa Kàsímù pàápàá wá, wọ́n gbé àga fún un. Ìyá Àdínì jókòó láàárín àwọn obìnrin mọ́sálásí, ó fi ìbòrí bojú dé àgbọ̀n. Gàníyù dúró lẹ́yìn pátápátá, òun àti Tájù.

Modúpẹ́ aránṣọ ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní ìwé ìtàn ọmọ aláìníyàá kan lòun fẹ́ràn jù, òun ò sì ní sọ bó ṣe parí, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wá yá a lọ́wọ́ òun. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá náà dìde, ó ní ti ajá kan tó sọnù tó sì wá ilé rí lòun fẹ́ràn. "Ajá yẹn gbọ́n ju àwọn ọmọ mi lọ," ló wí. "Wọ́n mọ̀nà ilé, wọn ò wá." Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn tún pariwo pé, "Bàbá, ikú ti fèsì àbí kò tíì fèsì?" ẹ̀rín náà sì tún lé sí i. Bàbá jókòó.

Sìmbíátù ò rẹ́rìn-ín. Ìwé adìyẹ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àkísà ló fi wé ọwọ́ tó jóná.

"Ó ti kan Ìyá Sìdíkàt," ni Tíṣà Odùbánjọ wí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan. "Ó ti ṣèlérí fún mi pé òun ní ìwé kan tí èmi alára ò tíì rí. Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbọ́."

Sìmbíátù dìde. Ó na ìwé adìyẹ sókè, ó la ẹnu. Irọ́ kékeré ni, ó sì ti fi gbogbo òru ṣe ìmúrasílẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wo ìwé náà, àkùkọ tó wà níwájú rẹ̀ ń wò ó bọ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ kò jáde. Ó rántí gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí òun fi ka ìwé kan nínú èéfín títí ojú fi ń ta òun.

"Ìwé tí mo..." ló wí, ó sì dúró. "Ìwé tí mo fẹ́ràn jù..."

Lẹ́yìn lọ́hùn-ún, Gàníyù ti ká ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Ẹ dúró!"

Ìyá Àdínì ló dìde. Ó sí ìbòrí kúrò lójú.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi."

"Tiyín, Ìyá? Tiyín ti kí ni?"

"Ìwé tèmi. Ilé Tí Abẹ̀bí Kọ́ lorúkọ ẹ̀. Èmi ni mo fowó mi rà á l'Ékòó. Ìyàwó mi yìí ló kà á fún mi nílé ẹja, òun náà ló kọ́ mi ní lẹ́tà tí mo fi ka díẹ̀ níbẹ̀ fúnra mi. Mo ní kó má sọ fẹ́nikẹ́ni. Ojú ló ń tì mí."

Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá rọra yí padà lórí bẹ́ǹṣì. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí ọjọ́ yìí, Ọlọ́run sì gbé e kò ó láwo.

"Ìyá Àdínì," ló wí, "ṣé ẹ̀yin náà ti kọ lẹ́tà yín ránṣẹ́ síkú?"

"Mo ti kọ ọ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká jọ máa retí èsì."

Ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀ lé àwọn ẹyẹ orí igi lọ. Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó sì sún fún Ìyá Àdínì lórí bẹ́ǹṣì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kó wá jókòó. Ìyá náà lọ jókòó síbẹ̀.

Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni Gàníyù. Ó ti mọ ẹni tó ni ìwé báyìí, ó ti mọ̀ pé ìyàwó òun ò yan àlè kankan, ìbúra sì ṣì wà níbi tó gbé e kọ́ sí. Ìyá rẹ̀ lè dárúkọ ìwé náà lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Bí Sìmbíátù bá dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó parí. Tíṣà sì ti tún kọjú sí Sìmbíátù.

"Ìyá Sìdíkàt, ṣé ìwé kan náà nìyẹn? Òun ni tiyín náà? Ẹ dárúkọ ẹ̀ ká gbọ́ látẹnu yín."

Gàníyù ń mi orí sí i láti ẹ̀yìn, ó ń mì í kíákíá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Sìmbíátù rí i. Ká má parọ́, ó ṣe é bíi kó dárúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni. Á dárúkọ rẹ̀, á gba Awoyaya lọ, kí Gàníyù lọ bá Sùlè, kí àwọn méjèèjì jọ máa tẹ ẹ̀bà. Inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀ kó tó rí Sàídátù, àbúrò Sìdíkàt, lórí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ju ọwọ́ sí i.

"Tíṣà," ló wí, "mo ní ìwé tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún yìí. Àmọ́ ọkọ mi ti fi ìgbéyàwó wa búra pé mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu mi dárúkọ ẹ̀ níta. Bàbá Sìdíkàt ló wà lẹ́yìn yẹn. Ẹ bi wọ́n. Àwọn ni kí wọ́n bá mi dárúkọ ẹ̀."

Gbogbo orí yí sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Alfa Kàsímù dìde lórí àga. Tájù rọra rìn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàníyù bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

"Gàníyù," ni Alfa wí, "ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe sọ ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alfa."

"Wá síwájú. Wá dárúkọ ohun tó o ní kó má dárúkọ."

Ó wá. Ọ̀nà tó gbà kọjá láàárín àwọn ènìyàn ò gùn, ṣùgbọ́n ó rìn ín bí ẹni tó ru òkúta. Ó dúró níwájú ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀.

"Ìwé tí ìyàwó mi fẹ́ràn jù," ló wí, "Ilé Tí Abẹ̀bí Kọ́ ni."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?" ni Bàbá Ọ̀ṣuntọ́lá bi í. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó fẹ́ mọ̀ ni.

Gàníyù wo Tíṣà, ó wo ìyá rẹ̀. "Mi ò mọ̀. Mi ò ṣí i wò. Iwájú ẹ̀ nìkan ni mo kà, mo bá bínú." Ó kọjú sí Sìmbíátù. Omi ti gba ojú rẹ̀. "Ìyá Sìdíkàt, ẹ forí jì mí."

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí níta, kò sì fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí. Àwọn obìnrin mọ́sálásí gbọ́ ọ, wọ́n wo ara wọn. Ìyá Àdínì fọwọ́ kan aṣọ Sìmbíátù, ó ń sọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ pé, "Ìyàwó mi, jọ̀ọ́."

Sìmbíátù ò sọ pé òun dárí ji Gàníyù, nítorí kò tíì dárí jì í, ọwọ́ tó bó ṣì ń ta á. Ó gbé ìwé adìyẹ lélẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn ènìyàn tó pé yí igi náà ká, àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, inú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn láìka gbogbo nǹkan sí.

"Obìnrin kan wà," ló wí. "Wọ́n lé e jáde nílé ọkọ, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú..."

Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò yọ nǹkan kan sílẹ̀: iyanrìn, omi, ògiri tó wó lẹ́ẹ̀kan tí obìnrin náà tún un mọ. Nígbà tó dé ibi kọ́kọ́rọ́, Ìyá Àdínì gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó fi orí sọ ojú ìwé náà délẹ̀, ó sì wá sọ fún gbogbo wọn nípa òru abẹ́ ọkọ̀ létí ọ̀sà, òun àti ọmọ òun. Gàníyù gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ níbi tó dúró sí níwájú gbogbo Ajah, ó ń fi apá ẹ̀wù nu ojú. Bẹ́ǹṣì ní àyè tó lè jókòó sí. Sìmbíátù rí àyè náà, ó ń bá ìtàn lọ, kò sọ fún Gàníyù pé kó jókòó.